Igi yín rúwé, ṣùgbọ́n ṣé yóò so? Ìjíròrò lórí igi eléso àti ojú ọjọ́ ibi tí a ń gbìn ín sí

Ìbéèrè: Mo ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé, igi eléso ni mo fẹ́ gbìn síbẹ̀. Ooru ń mú níbí látọdún dọ́dún, òtútù gidi kì í dé ọ̀dọ̀ wa, òjò sì ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹni tó ń ta igi ọ̀gbìn ní kí n kó ápù, píà (ìyẹn avocado), máńgòrò àti ọsàn. Ó ní kò sí igi tí kò ní so tí èèyàn bá ti ń bomi rin ín, tó sì ń fún un ní ajílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹ̀tàn ni, pé igi tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa látayébáyé nìkan ni kí n fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ wọn ń fà mí síbí, ó ń fà mí sọ́hùn-ún. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

Ẹ kọ́kọ́ yọ ápù kúrò nínú ẹrù yẹn ná, ká lè ráyè sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe pé ápù kò ní hù. Yóò hù, yóò rúwé, ẹ ó sì máa yọ̀ mọ́ ọn fún ọdún bíi mélòó kan. Ibi tí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín ti gbọ́n nìyẹn: igi tó bá ṣáà ń rúwé, kò sẹ́ni tó ń padà wá bá ẹni tó tà á jà. Nígbà tí yóò bá fi yé yín pé kò ní so, ẹni náà ti gbàgbé ojú yín.

Ohun tó wà nídìí rẹ̀ rèé. Ápù, píísì (peach) àti àwọn ẹbí wọn jẹ́ igi ibi tí òtútù ti ń mú. Bí òtútù bá ti dé, wọ́n á gbọn ewé dànù, wọ́n á sùn. Nínú oorun yẹn, ojú ẹ̀ka tó fẹ́ di òdòdó ń ka wákàtí òtútù, ìyẹn wákàtí tí ìwọ̀n ooru fi wà láàárín nǹkan bíi 0 sí 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Púpọ̀ nínú àwọn ápù tí gbogbo ayé mọ̀ ń fẹ́ irú wákàtí bẹ́ẹ̀ tó 800 sí 1,000 kí wọ́n tó gbà pé òtútù ti lọ, kí wọ́n tó jí. Bí iye náà kò bá pé, ṣe ni igi á máa ṣe ségesège: ewé á yọ ní góńgó ẹ̀ka nìkan, gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ka á wà ní ìhòòhò, òdòdó kan á là lónìí, òmíràn á di oṣù tó ń bọ̀ kó tó là, wọn ò ní bára wọn pàdé. Omi ò lè rọ́pò òtútù yẹn. Ajílẹ̀ náà ò lè rọ́pò rẹ̀.

Torí náà, ẹ má bi ẹni tó ń ta igi pé "ṣé yóò hù?" Ẹ bi í pé "kí ló máa ń mú un tanná, ṣé nǹkan ọ̀hún sì wà lọ́dọ̀ wa?" Tí kò bá rí èsì fọ̀ sí ìyẹn, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

* * *

Ẹnìkan ti bínú sí mi lórí ọ̀rọ̀ ápù yìí. Ó ní: "Ẹ ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ápù Anna ń so níbi tí òtútù kì í ti í mú, ojú ara mi ni mo fi rí i."

Mo gbà, ó ń so. Ísírẹ́lì ni wọ́n ti mú Anna jáde, òtútù tó ń fẹ́ kò sì pọ̀, bíi 200 sí 300 wákàtí. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Dorsett Golden, Bahamas ni wọ́n ti rí i, òun náà kì í béèrè púpọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń gbìn sí tòsí ara wọn torí pé wọ́n jọ ń tanná, tọ̀hún ń gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó lọ́wọ́ tibí. Ṣùgbọ́n 200 kì í ṣe òdo o. Ibi tí òru rẹ̀ kì í ti í lọ sílẹ̀ ju 20 lọ láàárín ọdún, Anna gan-an á ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn àgbẹ̀ orí òkè ní agbègbè Malang ní Indonesia. Ilẹ̀ olóoru ni, síbẹ̀ wọ́n ń ká ápù níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún pàápàá. Bí wọ́n bá ti kórè tán, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já gbogbo ewé igi náà kúrò, kí ojú ẹ̀ka má bàa sùn lọ títí, kí òdòdó tuntun lè yọ. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni. Àti pé orí òkè ni wọ́n ti ń ṣe é. Tí èèyàn bá gun òkè tó 1,000 mítà, ìwọ̀n ooru á fi nǹkan bíi 6 dín kù sí ti ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá wà lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì lágbára àtijá ewé, ẹ gbin ápù, mi ò ní bá yín jà. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé òun wà lórí òkè, ìdí nìyẹn tí mo fi yọ ọ́.

* * *

"Ṣé mápù tí wọ́n fi pín ilẹ̀ sí ẹkùn-ẹkùn kò tó láti fi yan igi?"

Kò tó. Mápù USDA (ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀gbìn) tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí, èyí tí wọ́n tún yà ní 2023, Amẹ́ríkà ni wọ́n yà á fún, kí àwọn ibòmíràn tó yá a lò. Nǹkan kan ṣoṣo ló sì ń wọ̀n: bí òru tó tutù jù lọ́dún ṣe sábà máa ń tutù tó. Ó wúlò fún ẹni tí ẹ̀rù yìnyín ń bà. Kò sọ iye òjò, kò sọ oṣù tí òjò ń rọ̀, kò sì sọ bí ọ̀sán ṣe ń gbóná tó. Aṣálẹ̀ kan àti etíkun kan tí òjò kì í dá níbẹ̀ lè bọ́ sí ẹkùn kan náà. Àwọn Lárúbáwá sì máa ń sọ pé igi dábínù fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi, kí orí òun wà nínú iná. Ẹ gbìn ín sí aṣálẹ̀ yẹn níbi tó ti lè rí omi mu nísàlẹ̀, á ṣe dáadáa. Ẹ gbìn ín sí etíkun yẹn, òjò á bá èso rẹ̀ lórí igi, á bẹ́, á kan, á jẹrà kó tó pọ́n.

Ìwé tí mo fọkàn tán ju mápù lọ ni ìwé tí èèyàn fúnra rẹ̀ kọ: oṣù wo ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, oṣù wo ló ń dá, ìgbà wo ni òru tutù díẹ̀, ìgbà wo ni atẹ́gùn líle ń jà. Ọdún kan péré, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹni tó ń ta igi kò mọ̀.

* * *

"Máńgòrò wa máa ń tanná lọ́dọọdún, òdòdó á bo gbogbo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń di èso nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣé ajílẹ̀ ni kò tó?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da ajílẹ̀ kankan sí i. Ajílẹ̀ tó bá ní náítírójìn púpọ̀, ewé ló máa fi ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé òdòdó máńgòrò kì í ṣe ohun tí a fi ń ka èso. Ṣírí kan ṣoṣo lè ní òdòdó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó tilẹ̀ lè wọ ẹgbẹ̀rún, akọ sì ni púpọ̀ nínú wọn, kò lè di nǹkan kan. Igi tí ṣírí rẹ̀ bá gbé èso kan tàbí méjì dé ìgbà tó pọ́n ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ bí ẹ̀wà, igi fúnra rẹ̀ ló ń dín wọn kù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ fa ẹ̀ka kan wá sílẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ wo ṣírí rẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá rí àmì dúdú tíntìntín lára igi ṣírí, tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra wọn díẹ̀díẹ̀, tí òdòdó fi wá gbẹ, tó dúdú bíi pé iná rà á, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní anthracnose nìyẹn. Òjò àti ìrì ló ń gbé e kiri. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun funfun lẹ bò ó, àrùn mìíràn ni, èyí tí kì í dúró de òjò kó tó jà. Tí ṣírí bá mọ́ lálá, tí kò sí àmì kankan, tí èso ò sì mú, ẹ wò ó bóyá kòkòrò ń bà lé e. Eṣinṣin ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn lórí máńgòrò, ju oyin lọ. Mo mọ àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò sórí òdòdó pé àwọn ń dáàbò bò ó, tí wọ́n á tún máa ṣe kàyéfì pé igi kò so.

Ojú ọjọ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Máńgòrò ń fẹ́ ìsinmi kó tó tanná: yálà òtútù díẹ̀ lóru fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tàbí ọ̀gbẹlẹ̀. Níbi tí òjò kò ti fún un ní àyè, ewé tuntun ló máa ń yọ dípò òdòdó. Nínú ọdún 1970 sí 1979, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Philippines, Ramon Barba, rí i pé tí wọ́n bá fín potassium nitrate (iyọ̀ kan tí wọ́n tún ń lò bí ajílẹ̀) sórí ewé máńgòrò tó ti gbó, òdòdó á yọ láìdúró de àsìkò. Òwò máńgòrò orílẹ̀-èdè yẹn yí padà pátápátá láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú máńgòrò ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kò sì sí oògùn tó máa sọ fún òjò pé kó má rọ̀ sórí òdòdó tí ẹ fipá mú jáde.

Ẹni tí òjò rẹ̀ ń bọ́ sí àsìkò òdòdó, irú tó ń fara da àrùn ni kó wá. Tommy Atkins, tó jáde láti Florida, ń fara dà á ju ọ̀pọ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adùn rẹ̀ kò tó ariwo rẹ̀. Kí ẹ sì dín ẹ̀ka inú igi náà kù, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá kí ìrì tètè gbẹ. Gbàrà tí ẹ bá kórè tán ni kí ẹ ti gé ẹ̀ka. Ẹni tó dúró títí dé ìtòsí àsìkò òdòdó kó tó gé e, òdòdó tọdún yẹn ló gé dànù.

* * *

"Ẹ ò fẹ́ sọ òótọ́ ni. Kí wọ́n gbá ìṣó mọ́ ọn, tàbí kí wọ́n fi àdá ṣá a lára dáadáa, ọdún kejì ni yóò so wìtìwìtì. Mo ti ṣe é."

Mo mọ̀ pé ẹ ti ṣe é, mo sì mọ̀ pé ó so. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìṣó ò ṣe nǹkan kan ju ihò tí àrùn máa gbà wọlé lọ. Ti àdá yàtọ̀ díẹ̀. Oúnjẹ tí ewé ń ṣe, inú èèpo igi ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Tí a bá bó èèpo ẹ̀ka kan yí po, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fífẹ̀ ọ̀bẹ, oúnjẹ yẹn á dúró sókè fún ìgbà díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó jinná, ẹ̀ka náà sì lè fi tanná. Àwọn tó ń gbin lychee (èso kan láti Éṣíà) àti àjàrà ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀ka ni wọ́n ń ṣe é sí, kì í ṣe ìdí igi, igi tó lókun ni, kì í ṣe èyí tó ń ṣàìsàn, wọn kì í sì í jẹ́ kó fẹ̀. Ẹni tó bá bó ìdí igi yí po pẹ̀lú àdá, tí ojú rẹ̀ kò wá jinná, gbòǹgbò ló fi ebi pa.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé máńgòrò púpọ̀ máa ń so dáadáa lọ́dún kan, á sinmi lọ́dún kejì. Ọdún tó sinmi ni inú máa ń bí olóko, ọdún yẹn ni yóò fa àdá yọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi á so bó ṣe yẹ kó so tẹ́lẹ̀, àdá á sì gba orúkọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí ìjà pọ̀ nínú rẹ̀ jù ni ti igi tó hù láti inú kóró àti igi tí wọ́n lọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ lára igi kan, tí wọ́n sì so ó mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn kí wọ́n jọ dàgbà. Apá kan ní igi tí wọ́n lọ́ kì í pẹ́ láyé, pé ti kóró ló ní gbòǹgbò tó jinlẹ̀. Apá kejì ní ẹni tó ń gbin kóró ń fi ayé rẹ̀ ṣòfò. Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bíi pé igi kan ṣoṣo ló wà.

Ìbẹ́pẹ, kóró ni kí ẹ gbìn, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi mẹ́ta sójú kan, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi yọ òdòdó. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá so rọ̀ sílẹ̀ lórí okùn gígùn, tó tín-ín-rín, akọ ni. Èyí tí òdòdó rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ igi, tó tóbi, tí ìdí rẹ̀ rí roboto, abo ni. Èyí tí tirẹ̀ gùn, tó sì lẹ̀ mọ́ igi bákan náà, akọ àti abo ló jọ wà nínú rẹ̀, ó lè dá so láìsí ẹnì kejì. Ẹ fa èyí tí kò wúlò tu.

Ọsàn àti ọ̀pọ̀ máńgòrò ilẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, kóró wọn máa ń gbé ọmọ bíi mẹ́ta mẹ́rin nínú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìyá wọn gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá gbin kóró máńgòrò kan tí igi bíi mẹ́ta yọ láti inú rẹ̀, irú èyí ni. Ẹ lè gbìn ín, á jọ ìyá rẹ̀, ẹ ó kàn dúró pẹ́ ni. Ọsàn tó hù láti inú kóró á tún yọ ẹ̀gún gbọọrọ-gbọọrọ, á sì lò tó ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó so, níbi tí èyí tí wọ́n lọ́ ti lè so láàárín ọdún mẹ́ta. Máńgòrò ilẹ̀ Íńdíà ní tirẹ̀, ọmọ kan ló ń wà nínú kóró rẹ̀, ọmọ ọ̀hún kì í sì í jọ ìyá rẹ̀.

Píà wá burú jù. Kóró píà kì í bí ìyá rẹ̀ rárá, tẹ́tẹ́ ni. Ẹnìkan á sọ fún mi pé tẹ́tẹ́ ni Hass, irú píà kan tó gbajúmọ̀, náà. Ó rí bẹ́ẹ̀: kóró kan tí Rudolph Hass gbìn ní California ló di igi yẹn, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1935, ara igi kan ṣoṣo yẹn sì ni gbogbo Hass tó wà láyé ti ṣẹ̀ wá, láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka tí wọ́n ń lọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kì í gbọ́ ìròyìn kóró yòókù tí kò jẹ tẹ́tẹ́. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré, kó ra èyí tí wọ́n lọ́.

Kí ẹ sì béèrè gbòǹgbò tí wọ́n lọ́ ọ sí, torí gbòǹgbò náà ní ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ tirẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, fáírọ́ọ̀sì tristeza pa àìmọye mílíọ̀nù igi ọsàn ní Brazil. Èyí tí wọ́n lọ́ sórí gbòǹgbò ọsàn kíkan ló kú. Orí tó wà lókè kò ní ẹ̀sùn, gbòǹgbò ló fa ikú rẹ̀, ṣe ni wọ́n yí gbòǹgbò padà kí oko ọsàn wọn tó gbádùn.

Wọ́n ti pè mí rí wá wo ọsàn kan tó ti ń so tẹ́lẹ̀ tó wá ń so nǹkan kíkan tí kò ṣeé fẹnu kàn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Ẹ̀ka méjì tó nípọn bí apá ti yọ láti ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ewé wọn pín sí mẹ́ta-mẹ́ta, ti ọsàn gidi sì jẹ́ ewé kan ṣoṣo. Gbòǹgbò ló ti jí, tó gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó gbé e lé e lórí, orí ọsàn gidi ti gbẹ sẹ́yìn kọ́lọ́fín. Ẹ máa fọwọ́ já irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì rọ̀. Ìṣẹ́jú kan ni.

* * *

"Píà mi ti ga ju òrùlé lọ, kò so rí. Wọ́n ní akọ ni, kí n gé e."

Ẹ sọ àáké yẹn sílẹ̀. Kò sí akọ píà. Dábínù ní akọ, ìbẹ́pẹ ní akọ, píà kò ní. Òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni abo àti akọ papọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà méjì ló ń là. Irú A máa ń là bí abo láàárọ̀, á padé, á wá là bí akọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Irú B máa ń là bí abo lọ́sàn-án, á sì là bí akọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Hass jẹ́ A, Fuerte jẹ́ B. Tí A àti B bá wà nítòsí ara wọn, nígbà tí tọ̀hún bá jẹ́ abo ni tibí ń jẹ́ akọ. Ojú ọjọ́ tún ń da ètò yìí rú: bí ó bá tutù díẹ̀, àkókò wọn á wọ inú ara wọn, igi kan á lè dá so. Nínú ooru tó dúró sójú kan, ètò náà máa ń le. Ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́ ẹ̀ka irú kejì sára igi yín, ó rọrùn ju gígé lọ. Tó bá sì jẹ́ kóró ló ti hù, ó lè má tíì dàgbà tó.

Fún ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́, tí ooru àti òjò pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: ìran píà mẹ́ta ló wà. Ti Mexico ń fara da òtútù, ti Guatemala jẹ́ ti orí òkè, èyí tí wọ́n ń pè ní ti West Indies ló jẹ́ ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ olóoru. Ti kẹta yìí ni kí ẹ wá, òróró inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti Hass, ṣùgbọ́n á so. Hass kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó gbóná.

Omi ló sì ń pa píà jù, àìlómi kò pa á tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orókún, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà, ẹ tún rọ òmíràn. Tí ilẹ̀ bá fi mọ́ ọjọ́ kejì tí omi ṣì dúró síbẹ̀, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ bí ebè ńlá, kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀, tàbí kí ẹ gbàgbé píà níbẹ̀. Ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tó jọ fọ́ńgọ́ọ̀sì, tó ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀, Phytophthora cinnamomi, ilẹ̀ tí omi ń dúró sí ni ilé rẹ̀. Ìbẹ́pẹ náà kò fẹ́ omi tó dúró.

* * *

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń kọ́? Mi ò fara mọ́ ọn lórí "igi ilẹ̀ wa nìkan". Tí gbogbo ayé bá tẹ̀ lé ìyẹn, máńgòrò kò ní kúrò ní Gúúsù Éṣíà, ọsàn kò ní kúrò ní Éṣíà, ìbẹ́pẹ àti píà ò ní jáde ní Mexico àti Àárín Amẹ́ríkà. Igi kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè, ooru àti òjò ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ àgbà yẹn tí ẹni tó ń ta igi kò ní. Igi àtijọ́ tó ń so ní àdúgbò yín, tí kò sẹ́ni tó ń bomi rin ín, tí kò sẹ́ni tó ń fín nǹkan kan sí i, òun ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Ó ti rí ọ̀gbẹlẹ̀, ó ti rí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ó ṣì ń so. Ẹ lọ tọrọ ẹ̀ka lára rẹ̀, kí wọ́n bá yín lọ́ ọ. Àyàfi ọsàn o: ẹ má gbé igi tàbí ẹ̀ka ọsàn láti ibi tí ẹ ò mọ̀ dáadáa, torí àrùn greening tí kòkòrò kékeré kan ń gbé kiri kò ní oògùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí i ní Florida ní 2005 ni oko ọsàn ibẹ̀ ti ń dín kù.

* * *

"Ọsàn mi kì í pọ́n, àwọ̀ ewé ló máa ń ní títí tó fi ń já."

Ó ti pọ́n. Òru tó tutù ló ń yọ àwọ̀ ewé kúrò lára èèpo ọsàn. Níbi tí òru ti gbóná, inú rẹ̀ á dùn, èèpo rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ já kan, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ má wo àwọ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ tún padà wá: "Ó dáa, mo ti yọ ápù. Ilẹ̀ líle ni tiwa, amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ni kí n gbìn gan-an, báwo ni mo ṣe máa gbìn ín?"

Nínú ooru àti òjò bíi tiyín, lórí ilẹ̀ kékeré: ọsàn kan tí wọ́n lọ́, máńgòrò kan tó ń fara da àrùn, gúáfà kan torí pé kì í yan ilẹ̀ púpọ̀, àti ìbẹ́pẹ bíi mélòó kan sáàárín wọn lórí ebè, tí ẹ ó máa jẹ ní ọdún àkọ́kọ́ tàbí èkejì nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń dàgbà. Nígbà tí ìbẹ́pẹ bá fi darúgbó, àwọn yòókù á ti fẹ́ àyè rẹ̀. Píà, ó di ìgbà tí ẹ bá dán ihò wò. Máńgòrò ni kí ẹ fi sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ bà, kí ìrì tètè gbẹ lára òdòdó rẹ̀.

Ní ti ihò, àwọn kan á ní kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn, kí ẹ fi ìgbẹ́ ẹran àti ilẹ̀dú kún un. Nínú ilẹ̀ amọ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Omi á wọ inú ilẹ̀ rírọ̀ yẹn, amọ̀ tó yí i ká kò ní jẹ́ kó jáde, gbòǹgbò á sì jókòó sínú adágún. Ìgbẹ́ tútù á tún jó o. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, tí jíjìn rẹ̀ kò ju ti iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú ọ̀rá igi náà lọ, kí ẹ dá iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde padà sí i. Ilẹ̀dú àti ewé gbígbẹ, òkè ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí, kó má kan ara igi.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín, kì í ṣe ìgbà tí òjò bá ti fẹ́ dá. Ẹ fi ọ̀bẹ la ọ̀rá kúrò, kí ẹ wo ìsàlẹ̀: tí gbòǹgbò bá ti ká bí òṣùká, ẹ gé èyí tó ká, kí ẹ sì tú ìyókù sílẹ̀, torí bó ṣe ká yẹn ló máa ká títí yóò fi fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ kò gbọdọ̀ wọlẹ̀, ó kéré tán kó ga tó ìbú ọwọ́ kan kúrò nílẹ̀. Tí èso bá yọ lórí rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ já a dànù, bó ti wù kó dùn yín tó.